Ta Ló Gbé E? Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Tẹ́ṣàn Ọlọ́pàá

Ọ̀rọ̀ olóhùn méje tí Bàbá Ọlọ́pàá sọ sínú ẹgbẹ́ wa, Sabon Gari, Kano. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.

OHÙN KÌÍNÍ

Mo gbọ́ ohùn tí ìyá wa kan fi síbí lánàá. Wọ́n ní wọ́n pe ọmọ àwọn sí tẹ́ṣàn lórí fóònù tó sọnù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ lọ, wọ́n bi í léèrè, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nígbà tó délé, wọ́n bi í pé kí ló wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí, ó ní òun ò mọ̀. Ìyá wá ń béèrè pé ṣé kò séwu? Ẹ̀yin kan dáhùn pé kò séwu, wọ́n ṣáà ti fi í sílẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o: ewu wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù lálẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí ìbéèrè ti ń wá. Mi ò wá bú ọlọ́pàá, mi ò sì wá gbè sẹ́yìn wọn. Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe yẹ kó lọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ẹni tí ò bá mọ bí nǹkan ṣe yẹ kó rí, kò lè mọ ìgbà tó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

OHÙN KEJÌ

Ó ti pẹ́. Mi ò ní dárúkọ tẹ́ṣàn náà, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ náà. Ọmọ Yorùbá ni, kò tíì pé ọdún kan tó dé Kano, ó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ níbí ní Sabon Gari. Jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan wá pòórá. Wọ́n mú ọmọ yìí.

Kọ́ńsítébù tó gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́nu rẹ̀, ọmọ Hausa ni. Hausa ló fi bi í: "Kai ka ɗauka?" Ìwọ lo gbé e? Hausa inú ọjà ni ọmọ yìí gbọ́. Ó dáhùn pé, "Eh, ni na ɗauka." Bẹ́ẹ̀ni, èmi ni mo gbé e. Òótọ́ ló sì sọ! Òun ló gbé e láti inú ṣọ́ọ̀bù síta, ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó gbé e. Ẹ wò ó, "ɗauka" lè jẹ́ pé èèyàn gbé ẹrù, ó sì lè jẹ́ pé ó mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí "gbé" tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Kọ́ńsítébù sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó wá wà nínú ìwé ni pé ọmọ náà ní òun jí jẹnẹrétọ̀.

Ní iṣẹ́ ọlọ́pàá, bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́, wọ́n á mú òun àti sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀gá yìí á ka ìwé náà sí i létí, á bi í bóyá òun ló sọ ọ́, bóyá wọn ò fipá mú un, lẹ́yìn náà á wá buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni ọ̀gá náà. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn wìrìwìrì, mo ní ṣé tirẹ̀ ni? Ó wo ojú mi, ó ní, "Yes sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Mo buwọ́ lù ú.

Yorùbá lèmi. Yorùbá lọmọ yẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo lédè wa ì bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Fáìlì pọ̀ lórí tábìlì, ebi sì ń pa mí. Oṣù mẹ́jọ lọmọ yẹn lò látìmọ́lé kí majísíréètì tó ní kí kọ́ńsítébù sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe gbọ́ ọ gan-an, ní Hausa, ní gbangba kóòtù. Ó sọ ọ́. Gbogbo wa dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Oṣù mẹ́jọ.

OHÙN KẸTA

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí ni ọlọ́pàá ń wá tó bá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò? Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá, á ní ìjẹ́wọ́ ni. Irọ́ ni. Àlàyé ló ń wá: kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, ta ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á gbé àlàyé yẹn lọ dán wò lára àwọn ẹ̀rí mìíràn. Ọlọ́pàá tó bá ti dá ẹjọ́ nínú ọkàn rẹ̀ kó tó wọlé kò wá gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa níṣẹ́ ọlọ́pàá fi ìyà kọ́ ọgbọ́n yìí ni. Lọ́dún 1974, bọ́ǹbù dún ní Guildford àti ní Birmingham. Wọ́n mú àwọn ọmọ Ireland, wọ́n fi ìnira gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n sì dá wọn lẹ́wọ̀n gbére. Ọdún 1989 ni wọ́n tó tú àwọn mẹ́rin ti Guildford sílẹ̀, ó di 1991 kí wọ́n tó tú àwọn mẹ́fà ti Birmingham sílẹ̀, pé ìdájọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, lọ́dún 1992, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà tuntun kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PEACE. Ìpele márùn-ún ló ní. Ọlọ́pàá á kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́: á ka fáìlì, á mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Á kí ẹni náà dáadáa, á ṣàlàyé ìdí tó fi pè é. Á jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ láìjá a lẹ́nu. Á wá kádìí ọ̀rọ̀ náà, á tún un sọ fún un kó lè ṣàtúnṣe. Níkẹyìn, á jókòó gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ ò rí i pé kò síbi tí ẹgba ti wọ̀ ọ́?

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2005, wọ́n mú Moses Akatugba ní ìpínlẹ̀ Delta. Ọmọ ọdún 16 ni. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ja èèyàn lólè fóònù. Ó ní wọ́n lu òun, wọ́n sì fi ẹ̀mú yọ èékánná òun kí òun tó fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́. Ìwé yẹn ni wọ́n gbé lọ kóòtù. Lọ́dún 2013, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ọdún 2015 ni gómìnà tó dárí jì í, lẹ́yìn tí ẹgbàágbèje èèyàn káàkiri ayé ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá nìyẹn.

OHÙN KẸRIN

Ó dáa. Wọ́n pè ẹ́ sí tẹ́ṣàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ni pé: ẹlẹ́rìí ni mí ni, àbí afurasí? Àwọn méjèèjì ò rí bákan náà. Ẹlẹ́rìí ń sọ ohun tó rí. Afurasí ni ẹni tí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣe é, òfin sì ní ààbò tirẹ̀ fún un. Wọ́n lè pè ọ́ bí ẹlẹ́rìí, kí nǹkan yí padà ní àárín ọ̀rọ̀. Ìgbà tó bá yí padà yẹn, ó yẹ kí wọ́n dúró, kí wọ́n sọ fún ọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Kó tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, IPO gbọ́dọ̀ sọ fún afurasí pé kò pọn dandan kó sọ ohunkóhun àyàfi tó bá fẹ́, pé ohunkóhun tó bá sì sọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lè lò ó ní kóòtù. Lókè ìwé sítétímẹ́ǹtì ló máa ń wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í kà á, wọ́n á kàn buwọ́ lù ú bí ìgbà tí èèyàn ń buwọ́ lu ìwé gbígba owó ní báǹkì.

Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ ńkọ́? Ó wà nínú Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35: ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, tàbí kó kọ̀ láti dáhùn, títí á fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó wù ú sọ̀rọ̀. Abala yẹn kan náà ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Mo mọ̀ pé láàárín wa, ẹni tí àgbà bi léèrè tó dákẹ́, aláìgbọràn la máa pè é. Ṣùgbọ́n ó níbi tó ti yàtọ̀ sí ìwà àfojúdi. Sọ ọ́ pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣe tán láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì mí." Ó tán.

Ta ló lè jókòó tì ọ́? Òfin ìdájọ́ ọ̀ràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, dárúkọ wọn: lọ́yà tìrẹ, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council tí kì í gbowó, tàbí ẹni tó wá láti ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ aráàlú, tàbí Justice of the Peace, tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ọ́. Kano náà ti ṣe òfin ìdájọ́ ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́dún 2019. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí òun ò lówó lọ́yà, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìbéèrè fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ṣílẹ̀kùn, ọ̀kan tilẹ̀kùn. Èyí tó ṣílẹ̀kùn ni: "Sọ gbogbo bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ fún mi, láti àárọ̀." Èyí tó tilẹ̀kùn ni: "Ìwọ lo jí i, àbí ìwọ kọ́?" Ẹni tí wọ́n bi ní ti àkọ́kọ́ máa sọ nǹkan tí ọlọ́pàá ò tíì mọ̀. Ẹni tí wọ́n bi ní ìkejì kò lè sọ ju ohun tí ọlọ́pàá ti ní lọ́kàn lọ.

Ewu mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í hàn. Ká ní ọlọ́pàá sọ pé, "Ṣé o gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, o wá mú fóònù dúdú yẹn?" Ó ti fi fèrèsé hàn án, ó ti fi àwọ̀ fóònù hàn án. Tí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà tó sì jẹ́wọ́, fèrèsé àti fóònù dúdú á wọnú ìjẹ́wọ́. Kóòtù á wá ní, "Tí kì í bá ṣe òun, báwo ló ṣe mọ̀?" Ọlọ́pàá ló sọ fún un! Ọlọ́pàá tó mọṣẹ́ máa ń fi àwọn nǹkan kan pamọ́, pé kí ó jẹ́ ẹnu ẹni tó ṣe é ni wọ́n á ti jáde.

Ìfarabalẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan rò pé ariwo ló ń mú òótọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ tútù níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle níí yọ idà lákọ̀. Ọ̀pọ̀ òótọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí mo fún lómi mu ló sọ ọ́ fún mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin òbí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa máa ń sọ ọ́ bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ó ń bẹ àgbà pé kó rọjú ni. Létí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá, ó dà bí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. "Yes sà" náà bẹ́ẹ̀: nígbà mìíràn, ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé "mo ń gbọ́ yín" lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín: ẹ kí àgbà, ẹ dọ̀bálẹ̀ tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n tí ìbéèrè bá jẹ mọ́ ẹ̀sùn, ẹ dáhùn gangan. "Rárá sà, mi ò jí i. Ọ̀gá mi ló ní kí n gbé e."

OHÙN KẸFÀ

Ọ̀rọ̀ èdè ni èyí, òun gan-an ló kan àwa tí a wà ní Sabon Gari jù. A ń gbé níbi tí èèyàn ti ń ra ẹ̀wà ní Hausa, ó ń ná aṣọ ní Igbo, ó ń gbàdúrà ní Yorùbá. A wá rò pé a gbọ́ gbogbo rẹ̀. Hausa tí o fi ń ra tòmátì kò tó láti fi gbèjà ẹ̀mí rẹ.

Òfin 2015 yẹn sọ pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò lè sọ ọ́, tí kò sì lè kọ ọ́, ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ kó sì kà á sí i létí títí á fi yé e. Ògbufọ̀ náà á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ tirẹ̀ sí i. Ìdí wà: tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí. Tí kò bá wá, ohun tí IPO ń sọ, gbígbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Ẹ rántí ará Ṣáínà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní Kano níbí lọ́dún 2022. Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ wáyé nínú ẹjọ́ yẹn, kó lè máa yé e. Tí àlejò láti Ṣáínà bá ní ẹ̀tọ́ yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní i.

Ohun tó dára jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ ní èdè tí o fi sọ ọ́, kí wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀. Tí o bá mọ̀wé, sọ pé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Tí wọ́n bá kà á fún ọ, tẹ́tí sí i gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá tọ̀nà, ní kí wọ́n tún un ṣe, kí o sì fọwọ́ sí ibi àtúnṣe. Má fọwọ́ sí ìwé òfìfo. Má tẹ̀ka sí ohun tí kò yé ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé tí o buwọ́ lù, bó bá balẹ̀, ó le láti kó.

OHÙN KEJE

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé, "Bàbá, ṣebí tó bá dé kóòtù á ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ má fi ìyẹn tan ara yín. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá sẹ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù, adájọ́ ṣì lè gbà á wọlé kó sì dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wò ó bóyá nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ tó fi hàn pé òótọ́ ni, bóyá ẹni náà láǹfààní láti ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, bóyá ó bá àwọn ẹ̀rí yòókù mu.

Tó bá jẹ́ pé ìyà tàbí ìhàlẹ̀ ni wọ́n fi gbà á, èyí yàtọ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 29, ní kí kóòtù má gbà á wọlé àyàfi tí ìjọba bá fi hàn kedere pé wọn ò fi ìnira gbà á. Lọ́yà gbọ́dọ̀ ta kò ó ní wéré tí wọ́n bá mú un jáde, kí adájọ́ lè dá ẹjọ́ ńlá dúró, kó ṣe ìgbẹ́jọ́ nínú ìgbẹ́jọ́ lórí ìwé yẹn nìkan. Lọ́dún 2017, wọ́n tún ṣe òfin tó gbógun ti ìfìyàjẹni: ọlọ́pàá tó bá fìyà jẹ afurasí lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 25. Lọ́dún 2023, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Èkó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ohun tí òfin Èkó ní kí wọ́n ṣe, pé kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ sí fídíò tàbí kí wọ́n gbà á níṣojú lọ́yà, dandan ni. Ó dáàbò bo afurasí, ó sì dáàbò bo ọlọ́pàá tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè méjì tó kù, kíákíá. Ṣé wọ́n lè mú ìyá nítorí ọmọ? Rárá, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n lè mú èèyàn nítorí gbèsè lásán? Òfin kan náà ní rárá. Béèlì sì jẹ́ ọ̀fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tí ẹ ń rò lọ́kàn.

Wàyí o, ìyá wa. Ẹ pe ọmọ yín jókòó lálẹ́ yìí. Ẹ ní kó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tẹ́ṣàn: ọjọ́, àkókò, ta ló bi í, èdè wo ni wọ́n fi bi í, ta ló kọ ọ́, ṣé wọ́n kà á fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbàgbé. Lọ́la, ẹ lọ bá lọ́yà tàbí àwọn Legal Aid, kí wọ́n bá yín dé tẹ́ṣàn. Tí ohun tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ sọ, ó lè ṣe àfikún sítétímẹ́ǹtì láti tún un ṣe. Ẹ má lọ jà. Ẹ má sì dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín lọ, ẹ pè mí. Àsìkò ti pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí, kò sí fáìlì lórí tábìlì mi mọ́. Èdè wa ni màá sì kọ́kọ́ fi bi ọmọ yẹn léèrè.

Ó dàárọ̀ o. Ká má rí ogun ẹjọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́.